Àwọn ọmọ Scout mi kì í ṣe nǹkan kan àfi bí mo bá sọ̀rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tísà ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan lágbègbè Ìbàdàn. Ọdún kejì rèé tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ti ní kí n máa bójú tó ẹgbẹ́ Scout, nítorí ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìntì. Mo ti lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọlọ́jọ́ méjì. Mo mọ ẹ̀jẹ́, mo mọ òfin, mo sì mọ oríṣi kókó okùn mẹ́fà ta. Àmọ́ àwọn ọmọ náà, méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, kì í ṣe nǹkan kan àfi bí mo bá sọ̀rọ̀. Tí mo bá pẹ́ dé ìpàdé, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi títí n ó fi dé. Wọ́n ní kí n lọ gba Wood Badge, ìyẹn àmì ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń fún àgbàlagbà tó bá parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olórí Scout. Ọkọ mi ní mo fẹ́ fi owó àti àkókò ṣòfò lórí ìlẹ̀kẹ̀ méjì. Kí ni wọ́n ń kọ́ àgbàlagbà níbẹ̀ gan-an? Ṣé wọ́n máa ń gba obìnrin? Ṣé ó máa yanjú wàhálà mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, tísà wa. Ọlọ́run á máa fún yín lókun ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, ibi tó sì mú mi lọ́kàn jù ni ibi tí ẹ ti ní àwọn ọmọ máa ń jókòó sábẹ́ igi dè yín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kókó mẹ́fà tí ẹ mọ̀ ọ́n ta tó yín lò fún ọdún kan gbáko. Èyí tó kù ni bí ẹ ó ṣe gbé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ara yín, kí ẹ gbé e lé ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ́wọ́, kí ẹ sì fà sẹ́yìn. Ó le ju kókó lọ. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń darí ẹgbẹ́ Scout, òun náà ni mo ṣì ń kọ́.

Nítorí náà, ẹ lọ. Wọ́n ń gba obìnrin, wọ́n ti ń gbà wọ́n tipẹ́, àwọn obìnrin sì wà lára àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dáńtọ́ jù tí mo bá ṣiṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ń lọ kọ́ níbẹ̀, torí mo mọ àwọn tó lọ tó jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé bọ̀ wálé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, Baden-Powell, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tó dá Scout sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin bí ogún lọ sí erékùṣù Brownsea ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ olówó tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá làwọn kan, ọmọ òṣìṣẹ́ láti Poole àti Bournemouth làwọn yòókù. Ọ̀gágun ni ọkùnrin yìí, ó ti darí ọmọ ogun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ì bá tò wọ́n sórí ìlà, kí ó máa pàṣẹ fún wọn láràárọ̀. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin dípò bẹ́ẹ̀, ó sì sọ wọ́n ní orúkọ ẹranko àti ẹyẹ: ìkookò, akọ màlúù, ẹyẹ ìwò, àti ẹyẹ etí omi kan tí wọ́n ń pè ní curlew. Ọmọ kan ló jẹ́ olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, òun ló sì ń dáhùn fún àwọn tó kù. Ọ̀wọ́ yìí ni àwọn ọmọ yín ń pè ní patrol. Orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ Scout dúró lé láti ọjọ́ náà.

Àwọn àgbàlagbà ló wá di ìṣòro. Ẹgbẹ́ náà tàn káàkiri bí iná ọyẹ́, àwọn tó sì yọ̀ǹda ara wọn láti darí rẹ̀ jẹ́ tísà, àlùfáà, sójà, akọ̀wé. Bí kálukú ti ń ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé wá: tísà ń kọ́ àwọn ọmọ bíi ti kíláàsì, sójà ń fi wọ́n ṣe ìgbẹ́sẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ sì fi máa parí, ó ti pa ọ̀pọ̀ lára àwọn olórí tó mọ iṣẹ́ náà. Ní 1919, ọkùnrin ará Scotland kan, William de Bois Maclaren, fi owó ra ilẹ̀ Gilwell Park, lẹ́bàá igbó Epping lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, fún ẹgbẹ́ náà. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Wood Badge àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin mọ́kàndínlógún ló wá. Wọn kò tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n máa gbọ́ lẹ́kíṣọ̀. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n pín wọn sí bíi ti àwọn ọmọ Brownsea, wọ́n sùn nínú àgọ́, wọ́n ń dáná fúnra wọn. Bí ẹ bá lọ lónìí, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Wọ́n á sọ yín di ọmọ Scout padà fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ lè mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ tí àgbà ń gba iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí ọkọ yín ń sọ náà nítàn tirẹ̀, ó sì yẹ kí àwa ará Áfíríkà mọ̀ ọ́n. Baden-Powell ní inú ahéré tí Dinuzulu, ọba àwọn Zulu, ti sá kúrò ni òun ti rí ẹ̀gbà ọrùn onígi gígùn kan ní 1888, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá ọba náà jà. Lára ìlẹ̀kẹ̀ inú ẹ̀gbà yẹn ni wọ́n ti fún àwọn àkọ́kọ́ tó gba Wood Badge. Àwọn tí wọ́n ń gbẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà kàn jọ ọ́ ni. Bí Baden-Powell ṣe sọ ọ́, ẹrù ọba ni, inú ogun ni wọ́n ti rí i kó, ó sì di àmì ẹ̀kọ́ ní Gilwell. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tí mo ń kọ́, kí wọ́n tó so ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ ọrùn, torí n kò fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ lọ́rùn ọba rò pé igi lásán ni òun fi kọ́rùn. Méjì ni ti ẹni tó parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mẹ́ta ni ti igbákejì olùdánilẹ́kọ̀ọ́, mẹ́rin ni ti olùdánilẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Wọ́n á tún fún yín ní sikáàfù tí ègé aṣọ ìran Maclaren kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, láti fi rántí ọkùnrin tó ra ilẹ̀ yẹn.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1915 ni Scout ti wà, 1961 ni wọ́n sì gbà wá wọ inú àjọ Scout àgbáyé. A ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ yìí. Àṣìṣe tí àwọn sójà àti tísà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà yẹn náà ni àwa náà ṣì ń ṣe níbí.

Mo ti ṣe é rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ kó ọmọ lọ sí kámpù, òjò ṣú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí a ṣì ń pa àgọ́. Ọmọ kan wà tó ń kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó ń rọra kàn án, ó dá a dúró gbọnrangandan, èèkàn sì gbọ́dọ̀ fì sẹ́yìn díẹ̀ kí okùn má baà fà á tu. Mo gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kan èèkàn yẹn, mo kan èyí tó tẹ̀ lé e, mo kan gbogbo rẹ̀ tán kí òjò tó dé, inú mi sì dùn pé kò sí ọmọ tó sùn sínú omi. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó rántí ojú ọmọ yẹn. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò bá mi lọ sí kámpù mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn tó kù ń wá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá ti yá, ojú mi ni wọ́n ń wò. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti wá kọ́ ẹ̀kọ́ tèmi ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Wood Badge, lọ́jọ́ kejì. Àwa méje la wà nínú ọ̀wọ́ wa: sójà kan tó ti fẹ̀yìntì, pásítọ̀ kan, nọ́ọ̀sì kan, tísà mẹ́ta tí mo wà lára wọn, àti ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí wa lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé ká fi ọparun kan ààrò tó ga dé ìbàdí, ká da iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí, ká dáná sí i, kí ìrẹsì àti ọbẹ̀ sì ti délẹ̀ ní agogo méjìlá. Ọmọbìnrin yìí mú ọ̀pá, ó ya ààrò náà sílẹ̀. Ó ní kí ẹni méjì lọ pọn omi, kí ẹni mẹ́ta gbé ọparun, kí nọ́ọ̀sì dúró ti òun nídìí ọbẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí sójà wa ti mú àdá. Ó ní òun ti kan irú rẹ̀ nínú igbó rí. Èmi náà dá sí i, mo ní afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín lọ síbi àgọ́ níbi tó yàn yẹn. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, olórí wa ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bó àlùbọ́sà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sì sí ẹni tó rántí omi.

Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wa jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò wá. Kò lanu rárá. Agogo kan ti kọjá kí ìkòkò tó hó. A jẹ ìrẹsì náà láìjinná, ó ń dún lábẹ́ eyín. Nígbà tí a fọ abọ́ tán, ó wá jókòó sáàárín wa, ó béèrè ìbéèrè kan péré: “Ta ni olórí yín lónìí?”

Gbogbo wa dákẹ́. Sójà wa ló kọ́kọ́ wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọbìnrin yẹn, ó ní, “Ẹ má bínú, mà.” Ẹni tó lè bí i lọ́mọ ló pè é ní mà. Ní ọjọ́ kẹta, ẹlòmíràn jẹ olórí, a sì jẹun ní agogo méjìlá ku díẹ̀.

Kò sí ìwé tó lè kọ́ yín ní ìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí yín kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Àwa tísà ló sì nílò rẹ̀ jù, nítorí iṣẹ́ wa ti kọ́ wa pé kíláàsì tó dákẹ́ ni kíláàsì tó dáa. Baden-Powell fúnra rẹ̀ ní olórí Scout kò gbọ́dọ̀ dà bíi tísà tàbí ọ̀gágun. Ẹ̀gbọ́n ló fi wé. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún Yorùbá láti mọ̀. Bàbá á pàṣẹ, tísà á nani, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rere á gbé ọ lọ sódò, á dúró sí etí omi, á jẹ́ kí o pọn omi tìrẹ, á sì bá ọ gbé e rù nígbà tó bá wúwo jù fún ọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi kókó kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ má baà wà lókè. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ́ àwọn olórí wọn ní ipele mẹ́rin: sọ ọ́, ṣe é kí wọ́n rí i, bá wọn ṣe é, fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ mú clove hitch, kókó tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ di ọparun méjì pọ̀. Ẹ sọ fún ọmọ náà ohun tí kókó yìí wà fún. Ẹ wá fi okùn yí ọparun ká lẹ́ẹ̀kan kí ó rí i, ẹ jẹ́ kí ẹnu okùn gun orí ara rẹ̀ bí ẹni gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, ẹ tún yí i ká, kí ẹ wá ki ẹnu okùn bọ abẹ́ ibi tó ti gun ara rẹ̀ yẹn, kí ẹ fà á. Bí ó bá gún, okùn méjì á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan á sì dábùú lé wọn lórí. Ẹ gbé okùn fún un, kí ẹ máa fi ẹnu tọ́ ọ. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò yín. Mo fẹ́ kí ẹ bọ̀ ọ́ ní tòótọ́, torí ọwọ́ tó wà níta á gba okùn. Ipele kẹrin ni ọ̀pọ̀ wa kì í dé: ẹ sọ fún ọmọ náà pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló máa kọ́ àwọn méje tó kù nínú ọ̀wọ́ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà á máa ta kókó mọ́ ẹsẹ̀ àga nílé.

Wọ́n tún máa kọ́ yín nípa bí àjùmọ̀ṣe ṣe ń dàgbà. Onímọ̀ ìhùwàsí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bruce Tuckman, ló to ipele rẹ̀ jọ ní 1965, ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Wood Badge ló sì ń lò ó: àwọn èèyàn á pàdé, wọ́n á máa ṣe jẹ́jẹ́ síra wọn, lẹ́yìn náà ìjà á dé, wọ́n á wá fìdí òfin ara wọn múlẹ̀, ìgbà náà ni iṣẹ́ á tó máa lọ. Ibi ìjà yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Bí ẹ bá pín àwọn ọmọ yín sí ọ̀wọ́, nígbà tó bá tó ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnìkan á sunkún wá bá yín pé olórí òun ń yan òun jẹ. Ẹ máa fẹ́ tú ọ̀wọ́ náà ká. Ẹ má tú u. Ẹ pe olórí ọ̀wọ́ sápá kan, ẹ bi í ohun tó rò pé ó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lọ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń tú ọ̀wọ́ ká ní gbogbo ìgbà tí ìjà bá dé, kò sí ọ̀kan tó máa kọjá ibẹ̀ láéláé.

Ó ku ohun kan tí n kò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lé lórí. Ààbò àwọn ọmọ ni. Àjọ Scout àgbáyé ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Safe from Harm, ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní lórí fóònù yín kí ẹ tó ronú nípa Wood Badge rárá. Àgbàlagbà kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Àgbàlagbà méjì ni kó máa wà ní kámpù, ó kéré tán. Àgbà kì í bá ọmọ sùn nínú àgọ́ kan náà, àyàfi tó bá jẹ́ òbí rẹ̀. Kí ibi ìwẹ̀ àgbà wà lọ́tọ̀, ti ọmọbìnrin lọ́tọ̀, ti ọmọkùnrin lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, inú gúrúùpù tí òbí wà ni kí ẹ ti sọ ọ́. Pàṣán kò sì sí nínú Scout. Mo mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ tó pọ̀ ṣì ń lò ó, mo mọ̀ pé òbí míì á tilẹ̀ sọ pé kí ẹ nà án fún òun. Ẹ má nà án. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà ti 2003, ọmọ tó sì ń bẹ̀rù ọwọ́ yín kò ní wá bá yín nígbà tí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án lọ́nà tí kò tọ́. Àwọn òbí fi ọmọ wọn ṣọ́wọ́ yín. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ lọ kò bá sọ̀rọ̀ yìí fún wákàtí kan ó kéré tán, ẹ dìde, kí ẹ béèrè ìdí.

Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ kékeré kan pàdé tó lè dá wàhálà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn òbí, ọ̀rọ̀ bíbọwọ́ ni. Ọwọ́ òsì ni àwọn ọmọ Scout fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́ káàkiri àgbáyé. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ìjòyè Ashanti kan ló kọ́ Baden-Powell: ọwọ́ òsì ló ń di asà mú, ẹni tó bá sọ asà sílẹ̀ láti fi ọwọ́ yẹn kí ọ ti fọkàn tán ọ. Lọ́dọ̀ wa, àbùkù ni kí ọmọ na ọwọ́ òsì sí àgbà. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé láàárín Scout sí Scout ni, kí wọ́n má na òsì sí bàbá àgbà wọn nílé. Ẹ sì ṣàlàyé fún òbí kí wọ́n tó rí i.

Ní ti owó àti àkókò tí ọkọ yín ń rò: kò sí owó oṣù nínú iṣẹ́ yìí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ san owó oúnjẹ àti ti ohun èlò, nítorí náà ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ọ́fíìsì Scout ìpínlẹ̀ yín ṣáájú, kí ẹ sì bi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín bóyá wọ́n á dá sí i. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ìlànà tó ti Gilwell wá ní apá mẹ́ta: ìmọ̀ tí ẹ máa kà, kámpù tí ẹ máa gbé, àti oṣù mélòó kan tí ẹ máa fi ohun tí ẹ kọ́ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ tiyín kí wọ́n tó fún yín ní ìlẹ̀kẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àfojúsùn márùn-ún ni kálukú máa ń kọ sílẹ̀, ó sì ní oṣù méjìdínlógún láti fi mú wọn ṣẹ. Apá ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá ọkọ yín sọ. Bí àwọn ọmọ tí ẹ ń darí kò bá yàtọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kò yẹ kó dé ọrùn yín. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé mo ní kí wọ́n bá yín dé kámpù lọ́jọ́ ìparí, kí wọ́n jókòó nídìí iná, kí wọ́n gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń sọ ohun tó ti ṣe sí ọmọ tí kò mọ̀ pé òun ṣe.

Kó tó di pé ẹ lọ, ohun kan wà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ pín àwọn méjìlélọ́gbọ̀n yẹn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, mẹ́jọ mẹ́jọ. Bó bá ṣe é ṣe, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ wà papọ̀, kí ọmọ kékeré àti àgbà sì dàpọ̀ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀wọ́ yan olórí tirẹ̀. Ẹ má yàn án fún wọn, kódà bí ẹ bá rí i pé ẹni tí wọ́n yàn kò ní lè ṣe é. Á kọ́ ọ, tàbí kí wọ́n yan ẹlòmíràn lópin táàmù. Ẹ máa bá àwọn olórí mẹ́rin yìí ṣe ìpàdé ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ méjì ṣáájú ìpàdé gbogbogbòò. Níbẹ̀ ni kí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àwọn nǹkan mẹ́rin nìkan ni kí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín mú: iná, omi jíjìn, títì, àti àdá. Ohun tó bá kù, bó bá wọ́, kó wọ́ lójú yín. Bí wọ́n bá gbàgbé iyọ̀, kí wọ́n jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ẹ máa rí i pé kò rọrùn fún yín. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ojú yín. Ẹ mú àga yín lọ sí ẹ̀yìn, ẹ ka ìwé, kí ẹ máa fi ojú kan ṣọ́ wọn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn á gùn, á sì máa yún yín lẹ́nu. Ẹni tó kọ́ mi ní Wood Badge jókòó lábẹ́ máńgòrò fún wákàtí mẹ́rin láìsọ̀rọ̀, èmi kò sì tíì lè ṣe tó ìyẹn títí di òní.

Ohun kan ni mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ ò dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Yàrá tí okùn, àgọ́ àti òòlù wà, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń wà? Bó bá jẹ́ ọwọ́ yín ni, kò sí ohun tí àwọn ọmọ yẹn lè ṣe nígbà tí ẹ bá pẹ́ dé ju kí wọ́n jókòó sábẹ́ igi lọ. Ẹ bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n gbà yín láyè láti gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn olórí ọ̀wọ́, kí ó máa kọ orúkọ ẹni tó mú nǹkan sínú ìwé, kí kọ́kọ́rọ́ máa yí láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóṣooṣù. Àdá nìkan ni kí ẹ yọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ ní ìdajì wákàtí, kí tísà kejì dúró níbi tí ojú rẹ̀ ti tó wọn láìdá sí i, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi pé kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tí ẹ dé.